Bí mo ṣe wo aago àpò oníwúrà mi tó ń sáré sàn

Aago àpò tí wọ́n ṣe ní Geneva ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: láàárín wákàtí kan, ó ti fi ìṣẹ́jú 8 yá ju aago ògiri lọ.

Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Orí obìnrin Helvetia, àmì tí wọ́n máa ń lù sára wúrà káràtì 18 ní Switzerland láti 1882 títí di 1995, hàn ketekete. (Ìdérí inú ní "cuivre" lára. Bàbà nìyẹn o, kì í ṣe wúrà! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ wúrà fún yín.) Wáyà tín-ín-rín tó ká bí ìkarahun ìgbín ti lẹ̀ mọ́ra lójú kan, ìyẹn ló ń mú kí aago náà sáré. Mo gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì. Òòfà ti wọ̀ ọ́! Àpò fóònù mi tó ní òòfà lẹ́nu ni mo máa ń tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ òòfà. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, torí mo tètè yọwọ́ lórí bọ́tìnì. Nígbà kejì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo rọra gbé aago jìnnà tó ìwọ̀n apá kan, kí n tó yọwọ́. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì dúró jẹ́ẹ́, wáyà náà kò sì lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ní báyìí, kì í fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 yá lójúmọ́.