Oògùn ara yíyún tí kì í kunni lóorun: bí mo ṣe lò ó

Piriton la fi mọ oògùn ara yíyún níhìn-ín l'Ékìtì. Tó bá ti gbé èèyàn sùn fọnfọn, a ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ bú loratadine, oògùn ara yíyún mìíràn tí mo rà l'Adó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: oorun ò kùn mí rárá. Bẹ́ẹ̀ oorun kọ́ ló ń wo ara yíyún. Piriton máa ń wọ ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti ń fa oorun. Loratadine kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń dínà mọ́ histamine, ohun tó ń fa yíyún, èyí tí ara ń tú jáde nígbà tó bá pàdé ohun tó kọ̀, ì báà jẹ́ edé, ì báà jẹ́ eruku ọyẹ́.

Ara ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn dáadáa, nítorí náà ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi pa á. Ibi tó lé wú pẹlẹbẹ bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Òmíràn ò ju kọ́bọ̀ lọ, òmíràn tó àtẹ́lẹwọ́. Mo fi báírò yí ọ̀kan po, mo kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti tẹ́jú, ibòmíràn ló tún ti lé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn: ojú kan kì í sábà pẹ́ ju wákàtí 24 lọ. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tó ń dunni ju kó yún lọ, tó sì fi àpá sílẹ̀ bí ibi tí wọ́n nà, ti dókítà ni.

Tó bá jẹ́ pé ètè tàbí ahọ́n ló wú, tí èémí ò já gaara, tí òòyì ń kọ́ èèyàn, ẹ má wá hóró kankan. Abẹ́rẹ́ adrenaline lẹni náà nílò. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù. Tí mímí bá nira fún un, kó jókòó ni o.

Nílé oògùn, mo wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa kú, mo sì ka gbogbo oògùn tí mo ń lò fún olóògùn. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí wọ́n má dá a rà.

Àgbàlagbà àti ọmọ ọdún 12 sókè, hóró loratadine 10 mg kan ṣoṣo lójúmọ́. Ọmọ tó kéré sí i, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá hóró sí méjì. Aago méje àárọ̀ ni mo yàn, mo fi omi gbé e mì, yálà mo ti jẹun tàbí n kò tíì jẹ. Ó lè gba wákàtí kan sí mẹ́ta kí yíyún tó rọlẹ̀, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń ṣì í lò. Wọ́n á dúró fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á tún sọ òmíràn sẹ́nu, wọ́n á wá fi Piriton lé e. Orí fífọ́ àti àyà tó ń lù kìkì nìyẹn máa ń fà. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn yín pẹ̀lú: chlorpheniramine tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, Piriton náà ni.

Oògùn ara yíyún mìíràn tún wà. Cetirizine 10 mg tètè ń ṣiṣẹ́ ju loratadine lọ, àmọ́ ó ṣì ń kun àwọn kan lóorun. Kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ lò ó lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Fexofenadine ní tiẹ̀ kò fẹ́ omi ọsàn, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi mu ún.

Ojoojúmọ́ ni mo lo loratadine mi, kì í ṣe ìgbà tó bá yún nìkan. Mo pa edé tì, mo pa ibuprofen náà tì torí ó lè mú kó le sí i, mo gbé kànìnkànìn àti omi gbígbóná kúrò ní balùwẹ̀. Lọ́jọ́ keje, báírò ò rí ibi tó lé yí po mọ́, mo sì dáwọ́ dúró. Ara yíyún tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà lè fi kún hóró náà. Òun nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.