Bí A Ṣe Ń Fi Rédà Bàálù Ogun Kan Wé Òmíràn

Ẹ lè kà á níbì kan pé rédà Su-35 ti Rọ́ṣíà ń ríran dé 400 kìlómítà, kí ẹ tún kà á níbòmíràn pé ti bàálù míì kò ju 160 lọ. Ẹ má tíì dájọ́. Nọ́ńbà méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ kí wọ́n má sì ṣe é fi wéra, torí pé ohun tí wọ́n fi dán ọ̀kan wò lè tóbi ju ti èkejì lọ, tàbí kó jẹ́ pé ojú kan tóóró ni ọ̀kan tẹjú mọ́. Iṣẹ́ yín ni láti gbé gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ti tó fún un.

Ẹ mọ èyí tí ẹ ń wò gan-an

Orúkọ bàálù nìkan kò tó. F-16A jáde pẹ̀lú rédà APG-66, F-16C lo APG-68, Block 70 (block ni ìpele àtúnṣe bàálù) sì gbé APG-83. Ẹni tó bá kàn kọ "F-16" sílẹ̀ ti kó ìran mẹ́ta sínú àpò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni JF-17: àwọn mẹ́ta tí Nàìjíríà gbà sínú iṣẹ́ ní Makurdi lóṣù karùn-ún ọdún 2021 ń lo KLJ-7, tí ẹ̀ríàlì rẹ̀ ń fi mọ́tò yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, Block III ti Pakistan gbé KLJ-7A, tó jẹ́ AESA, irú rédà kan tí a máa ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ bàálù, block rẹ̀, orúkọ rédà àti irú rédà náà kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan.

Irú mẹ́ta ló wà. Ti mọ́tò ni a ti sọ yẹn. Bí mọ́tò bá há, rédà fọ́jú. PESA kò yí orí, kọ̀ǹpútà ló ń darí ìgbì rẹ̀, ṣùgbọ́n orísun kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo rẹ̀, bí ìyẹn bá kú, ó parí. Zaslon inú MiG-31, tó wọ iṣẹ́ lọ́dún 1981, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú bàálù ajagun. Ní ti AESA, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà kéékèèké ló wà lójú ẹ̀ríàlì, olúkúlùkù ń rán ìgbì, ó sì ń gbà á. Bí díẹ̀ nínú wọn bá kú, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yà yìí náà ló jẹ́ kó lè wo ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa yí ohùn ìgbì rẹ̀ padà kí ọ̀tá má bàa tètè fi ariwo bò ó.

Ìṣirò tó ń tú àṣírí nọ́ńbà

Ìgbì rédà ń lọ, ó ń bọ̀. Bó ṣe ń lọ ló ń fẹ̀ tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Èyí tó ta padà lára ọ̀tá náà tún ń fẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ kí rédà ríran jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po 16 lẹ máa fi sí i. Gbòǹgbò kẹrin ni ìṣirò rẹ̀, bọ́tìnnì √ ni ẹ ó sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú Irbis-E, rédà Su-35. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ ni 350 sí 400 kìlómítà, fún ọ̀tá tó ń bọ̀ tààrà, tí ìtóbi rẹ̀ lójú rédà jẹ́ 3 m². Ká mú 400 náà. A fẹ́ mọ ti ọ̀tá 1 m², kí gbogbo rédà tó wà lórí ìwé wa lè jẹ́ ti 1 m². Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 3: 0.333. Ẹ tẹ √: 0.577. Ẹ tún tẹ √: 0.760. Ẹ fi lu 400: 304 kìlómítà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò náà nìyí: wọ́n á tẹ √ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á sì gba 231. Àwọn míì á dorí ìpín kodò, nọ́ńbà á wá tóbi sí i nígbà tó yẹ kó kéré.

Kò tíì tán. Nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, ojú tí rédà ń wò nígbà náà kò ju 100 dígírì alábala lọ, ìyẹn 10 ní ìbú, 10 ní òró. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ìkúùkù. Ibi tí ìkúùkù yẹn bò lójú ọ̀run tó nǹkan bíi dígírì 10. Ojú ibẹ̀ yẹn nìkan ni rédà kó gbogbo agbára rẹ̀ lé. Awakọ̀ tí kò mọ ibi tí ọ̀tá máa gbà yọ kò lè tẹjú mọ́ ìkúùkù kan. Ká ní ó fẹ́ wo 120 dígírì ní ìbú, 10 ní òró: 1,200 nìyẹn, ìlọ́po 12. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ojú kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú 12 agbára. 1 sí ọ̀nà 12 jẹ́ 0.0833, √ lẹ́ẹ̀mejì á di 0.537. 304 lọ́nà 0.537 jẹ́ 163.

400 ti di 163, kò sì sẹ́ni tó parọ́. Bí ẹ kò bá rí ìtóbi ọ̀tá àti ìbú ojú tí rédà ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kan, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ má sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ohunkóhun.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń fi hàn pé bàálù tí wọ́n ṣe kí rédà má bàa tètè rí i kì í di àìrí. Ọ̀tá 0.01 m² kéré ju ti 1 m² lọ ní ìlọ́po 100, ṣùgbọ́n ìríran á fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ péré kéré: 304 á di 96. Ó pọ̀ tó láti pa èèyàn, torí ẹni tó kọ́kọ́ ríran ló kọ́kọ́ ń ta. Ẹ rántí pé iwájú bàálù nìkan ni irú ìtóbi kékeré bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí wọ́n bá gbé mísáìlì àti táǹkì epo kọ́ sábẹ́ apá, ó tóbi sí i lójú rédà. Ìdí rèé tí F-22 àti F-35 fi ń kó mísáìlì sínú ikùn.

Igun, gíga, àti ibi tí rédà ti ń sọnù

AESA tí wọ́n kàn mọ́ ojú kan sábà máa ń wo 60 dígírì sí ọ̀tún àti 60 sí òsì. Ní etí 60 yẹn, ojú ẹ̀ríàlì ti dà bí ẹni pé ó kéré sí ìdajì, ìríran á sì bọ́ sí nǹkan bí 71 nínú 100. Rédà bàálù Gripen E ti Sweden àti Captor-E, rédà bàálù Eurofighter, gbé ẹ̀ríàlì sórí àwo tó ń yí, kí wọ́n lè wo nǹkan bí 100 dígírì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìdí: lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti ta mísáìlì, ó fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa sún mọ́ ti ọ̀tá, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ máa rí ọ̀tá náà kó lè máa fi ọ̀nà han mísáìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo gíga, torí ayé rí róbótó. Ẹ wá √ gíga yín ní mítà àti √ ti ọ̀tá, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi 4.12 lu wọ́n; kìlómítà ni yóò jáde. Ẹni tó wà ní 10,000 mítà lè rí ọ̀tá tó wà ní 100 mítà láti 453 kìlómítà. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí 1,000 mítà, 171 ló kù, bí rédà rẹ̀ ti wù kó lágbára tó.

Ọgbọ́n kan tún wà tí awakọ̀ fi ń bọ́ mọ́ rédà lọ́wọ́. Rédà ń ya ohun tó ń rìn sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ nípa bí ìgbì tó padà ṣe yí ohùn, bí hóònù ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ ṣe ń dún tínrín, tó sì ń rẹlẹ̀ bó bá ti kọjá wa. Bí ọ̀tá bá fò ní ìbú, tí kò sún mọ́ wa tí kò sì jìnnà sí i, ohùn tirẹ̀ àti ti ilẹ̀ á di ọ̀kan, rédà á sì sẹ́ ẹ dànù mọ́ ilẹ̀. Ó burú jù nígbà tí rédà bá ń wo ìsàlẹ̀.

Ẹni tó bá tan rédà, a ti rí i

Ọdẹ òru tó gbé iná sórí mọ èyí dáadáa: ibi tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ oko ti ń rí iná náà bọ̀ látòkèèrè. Ìgbì rédà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ti rin lílọ nìkan, nítorí náà ẹ̀rọ ìgbọ́gbì inú bàálù rẹ̀ lè gbọ́ wa kí àwa tó rí i. Torí èyí, ẹ kọ ẹ̀rọ tó ń fi ooru ríran sílẹ̀ fún bàálù kọ̀ọ̀kan: OLS-35 lára Su-35, PIRATE lára Eurofighter, Skyward-G lára Gripen E. Wọn kì í rán ohunkóhun jáde. Àbùkù wọn ni pé ìkùukùu ojú ọ̀run ń bò wọ́n lójú, wọn kì í sì í tètè sọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Ẹ tún béèrè bóyá bàálù náà lè gba àwòrán látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó tan rédà, kí òun pa tirẹ̀.

Mísáìlì àti agbára ẹ́ńjìnnì

Rédà nìkan kò tó láti fi bàálù wéra; ẹ wo mísáìlì àti ẹ́ńjìnnì náà. Nọ́ńbà ìjìnnà tí wọ́n ń kọ sára mísáìlì sábà máa ń jẹ́ ti òkè gíga, pẹ̀lú ọ̀tá tó ń bọ̀ tààrà. Bí ọ̀tá bá yí ẹ̀yìn pa dà tó ń sá, tàbí bí ẹ bá wà nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti nípọn, ó lè dín kù ju ìdajì lọ dáadáa. Rọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọ̀pọ̀ wọn ń jó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà eré tó ti sá ló ń gbé e lọ. Meteor, tí Sweden kọ́kọ́ gbé wọ iṣẹ́ lórí Gripen lọ́dún 2016, ń fa afẹ́fẹ́ símú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè máa ṣiṣẹ́ dé òpin. Kò sì sí mísáìlì tó dájú ní gbogbo ìgbà: ní Síríà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2017, AIM-9X tí F/A-18E ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ta sí Su-22 kò bá a; AIM-120 tó tẹ̀lé e ló já a lulẹ̀.

Fún ìjà ìtòsí, ẹ pín agbára ìtì ẹ́ńjìnnì sí ìwọ̀n bàálù lójú ìjà, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ lófìfo. F-16C Block 50 lófìfo tó nǹkan bí 8,600 kg, ìdajì epo inú rẹ̀, 1,600, mísáìlì mẹ́fà, 800, awakọ̀, 100. Àpapọ̀ jẹ́ 11,100. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tì nǹkan bí 13,150 kg: 1.18 nìyẹn. Bó bá ru ẹrù dé òpin, 19,187 kg, ó di 0.69, kò tó 1, nítorí náà kò lè gùnkè gbọnrangandan mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "ìdajì epo" yẹn bí bàálù bá yàtọ̀ ní títóbi. Su-35 ń gba 11,500 kg epo sínú. Ìdajì rẹ̀ ju gbogbo epo inú F-16 lọ. Bí ẹ bá fi ìdajì wé ìdajì, ẹ̀ ń fìyà jẹ ẹni tó ru epo tó lè gbé e jìnnà jù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fún àwọn méjèèjì ní epo tó máa gbé wọn jà fún ìṣẹ́jú kan náà kí wọ́n sì padà sílé láti ibi kan náà, kí ẹ tó wá pín in.