Ẹ jẹ́ kí ráútà bá yín di àdírẹ́sì IP mú
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ kí IP ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dúró sójú kan, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ fi í sílẹ̀ sórí DHCP (ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní IP fúnra rẹ̀), kí ẹ wọ inú ètò ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín, ibi tí wọ́n kọ “Address Reservation” sí, kí ẹ so MAC ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀) mọ́ IP tó wù yín, bíi 192.168.1.50, kí ẹ wá pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún un tàn. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì. Bó bá ti mọ ẹni tó ni 50, kò ní fún ẹlòmíràn, ẹ̀rọ méjì kò sì ní máa jà lórí IP kan. Àmọ́ o, fóònù ìgbàlódé máa ń lo MAC àfidípò lórí Wi-Fi. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ ṣe é fún, ẹ kọ́kọ́ pa ìyẹn, kí MAC rẹ̀ má bàa yí padà.