Bẹ́ ẹ ṣe lè gba ìtàn erékùṣù Jẹ́bà sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sí erékùṣù Jẹ́bà láàárín odò Ọya láti gba ìtàn ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn bàbá apẹja àtàwọn ìyá tó ń yan ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí o, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Núpé dání, ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn. Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ṣé kí wọ́n tó ṣe dáàmù Kainji, tó wà lókè odò Ọya yẹn, ní 1968 ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, ẹja wo ni wọn ò rí mọ́, ìgbà wo lomi máa ń kún tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè ẹja yẹn lèmi fẹ́ràn jù, ẹ má sáré kúrò lórí ẹ̀. Bíríìjì rélùwéè Jẹ́bà tí wọ́n parí ní 1916 náà, ẹ bèèrè ohun táwọn bàbá wọn sọ. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.