Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Jámánì: aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Oṣù kẹrin ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń wá, wọ́n ní ká pàdé lórí fídíò ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti jókòó ní pálọ̀ wa n'Ìbarà, Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mẹ́wàá tiwọn ti kọjá láti bíi wákàtí kan. Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí dòní.

Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago Jámánì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Nígbà òtútù wọn, ọgbọọgba ni. Ẹ kọ aago méjèèjì sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tí wọ́n bá sì ní "halb zehn" lórí fóònù, mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe mẹ́wàá àbọ̀.

Àwa Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n kí, àmọ́ níbẹ̀, "Guten Tag, Frau" (ẹ ǹlẹ́ o, Ìyáàfin) àti orúkọ ìdílé obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ti tó. Ẹ má béèrè ará ilé. Ọ̀wọ̀ ò sì ṣòro fún wa: "Sie" ni "ẹ", "du" ni "ìwọ". Ẹ máa "Sie" wọn títí àwọn fúnra wọn á fi ní kí ẹ lo "du".

Wọ́n á tẹ́ ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, Lebenslauf, síwájú. Oṣù tó bá ṣófo níbẹ̀, wọ́n á bi yín. Oṣù 8 ni mo fi tọ́jú ìyá mi nílé. Nígbà tí mo rí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ parí.

Tí wọ́n bá béèrè bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ má ní "Ọlọ́run ń ràn mí lọ́wọ́." Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n bi yín kọ́ nìyẹn. Èmi sọ ti òru kan tí àwa méjì péré wà nídìí bẹ́ẹ̀dì 24: ẹni tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìdí rẹ̀, dókítà tí mo pè.

Iye owó iṣẹ́ tí ẹ ń fẹ́ fún ọdún kan, kí owó orí tó kúrò, ni wọ́n sábà ń béèrè. Brutto ni wọ́n ń pè é. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi obìnrin bóyá ó lóyún. Ẹ lè kọ̀ láti dáhùn.

Ẹ mú ìbéèrè tiyín náà dání. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì yẹn, mo bẹ télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa pé kó pa jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan, mo sì bi wọ́n pé nọ́ọ̀sì mélòó ló ń ṣiṣẹ́ òru. Orí ìyẹn la ti sọ̀rọ̀ pẹ́ jù.