Orin rọ́ọ̀kì Japan fún ẹgbẹ́ olórin tuntun: ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í

Bí ẹgbẹ́ olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá béèrè orin rọ́ọ̀kì Japan tó rọrùn, orúkọ mẹ́ta kì í pẹ́ jáde: "Linda Linda" ti The Blue Hearts (1987), "Cherry" ti Spitz (1996) àti "Chiisana Koi no Uta" ti MONGOL800 (2001). Irú orin wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Japan fi ń kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé wọn, tí wọ́n ń pè ní keionbu, kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ìtàgé lọ́jọ́ bunkasai, ọdún àṣà ilé ìwé. Wọ́n rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ìka ọwọ́ ni wọ́n rọrùn fún. Kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a jọ ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) inú wọn kò pọ̀, nítorí náà àṣìṣe kò ríbi fara pamọ́ sí. Bí ẹnì kan bá fi díẹ̀ ṣíwájú àwọn yòókù, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní ìwọ̀n eré tí wọ́n fi kọ orin sínú àwo. Ẹ mú orin MONGOL800 yẹn wò. Kíì E ló wà (kíì ni ohùn tí orin fìdí lé), kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì ju agbára onígìtá oṣù mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n oníbéèsì ní láti ta okùn lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú báà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlù mẹ́rin mẹ́rin. Bí eré orin bá jẹ́ ìlù 180 ní ìṣẹ́jú kan, ìtà mẹ́fà ló bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta á máa fi gbogbo apá ta á dípò ọrùn ọwọ́. Kí ègbè kejì tó dé, apá ti gan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Onílù gbọ́ ọ, ó rò pé òun ló ń sáré, òun náà fà sẹ́yìn. Akọrin ní tirẹ̀ ti lọ síwájú. Orin tú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣi kọ́ọ̀dù kankan mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 120. Ẹ tan metronome (ohun tó ń ka ìlù) orí fóònù, kí ẹ so ó mọ́ súpíkà, nítorí pé onílù kò lè gbọ́ fóònù tó wà lórí àga. Ẹ lu orin náà já lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró kí ẹ tó fi 5 kún un. Bí ẹnì kan bá ṣì ń jábọ́ ní 150, ẹ dúró sí 150 lọ́jọ́ náà, kí gbogbo yín jọ wà níbẹ̀. Ìlù tí onílù nílò kò ju èyí lọ: hi-hat (àwo irin méjì tó ń pàdé) lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú báà, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ní oókan àti ẹẹ́ta, snare (ìlù kékeré iwájú onílù) ní eéjì àti ẹẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kó dá àrà kankan sí i títí orin yóò fi dúró dáadáa, torí pé ẹnu àrà yẹn gan-an ni eré ti máa ń yí padà.

Ohun mìíràn tún wà nínú orin yìí. Nínú MONGOL800, ẹni tó ń kọrin náà ló ń ta béèsì, àwọn mẹ́ta péré sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé orin yìí jáde. Ẹgbẹ́ tuntun á rí i, wọ́n á kó iṣẹ́ méjèèjì lé ẹnì kan lórí. Ẹ pín in. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó lè kọrin, kí oníbéèsì máa ta ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú báà nígbà tó bá ń kọrin lọ́wọ́, kó wá padà sí mẹ́jọ níbi tí ohùn bá ti dákẹ́.

Ní ti "Linda Linda", oríta kan ṣoṣo ló ń mú ẹgbẹ́ ṣubú. Gìtá àti ohùn ló ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹgbẹ́ bẹ́ sí i pẹ̀lú eré. Onílù á fi eré jẹ́jẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ka mẹ́rin, onígìtá á wọlé pẹ̀lú eré inú àwo, wọ́n á pàdé ní báà kẹta. Eré tuntun ni kí onílù fi ka mẹ́rin náà, kí gbogbo ojú sì wà lára igi ìlù rẹ̀. Ẹ má tún orin náà lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣì í. Báà mẹ́rin ṣáájú oríta yẹn àti mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa lù, lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ẹni tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ohun èlò ní láti ṣọ́ra níbì kan. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa yí ègbè po títí aṣáájú yóò fi nawọ́. Orin wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn wọn ti wà nílẹ̀. Àwọn ará Japan ń pe apá àkọ́kọ́ ní A-mero, èyí tó ń gun òkè ní B-mero, ègbè ní sabi. Ẹ ka iye báà apá kọ̀ọ̀kan láti inú àwo, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà kan tí gbogbo yín á máa wò.

"Cherry" kò yára, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ mú un. Kíì C ló wà, F ni kò sì jẹ́ kí onígìtá sinmi, nítorí ìka kan ní láti tẹ gbogbo okùn mẹ́fà. Ohùn akọrin Spitz sì ga. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í débẹ̀. Ẹ lè gbé e wálẹ̀ sí A: onígìtá á fi kápò, ohun tí a fi ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí ojú kejì, á máa mú kọ́ọ̀dù bíi pé kíì G ló wà. F di C, ọwọ́ rọ̀. Ibí gan-an ni wàhálà ti ń dé. Oníbéèsì béèrè kíì, onígìtá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní "G ni." G ni ọwọ́ rẹ̀ mú, A ló ń dún. Ohun tó ń dún ni kí ẹ máa sọ fún oníbéèsì, nítorí kò sí kápò lọ́wọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tó yí gbogbo okùn wálẹ̀ ní ìdajì ohùn: bí ẹ bá fẹ́ lu orin wọn tẹ̀ lé àwo, béèsì náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ orin, Ọlọ́run ti ṣe é fún wa. Èdè Japan fẹ́ràn fáwẹ̀lì lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì bíi tiwa, n tó dá dúró sì ní ìlù tirẹ̀, bí ǹ inú òroǹbó: ò-ro-ǹ-bó, mẹ́rin. Shinbun, ìwé ìròyìn, náà jẹ́ mẹ́rin: shi-n-bu-n. Fáwẹ̀lì gígùn jẹ́ méjì, nítorí náà chi-i-sa-na ni, kì í ṣe chi-sa-na. Akọrin tó bá ń kà á bíi Gẹ̀ẹ́sì á máa tètè parí ìlà, á sì dúró de ẹgbẹ́. Níbi tí àwo bá ti kó ìró méjì sórí nóòtì kan, ẹ tẹ̀ lé àwo.

Ẹ má jẹ́ kí gìtá ga ju ìlù lọ. Ìlù kò ní bọ́tìnì tí a fi ń dín in kù. Òun ni kí ẹ fi wọn béèsì, kí ẹ fi béèsì wọn gìtá, kí ohùn wá lékè gbogbo wọn. Bí maìkì bá ń hu, ẹ yí i kúrò níwájú súpíkà, kí akọrin má sì di orí rẹ̀ mú.

Ẹ gba ìdánrawò sílẹ̀ sórí fóònù, kí fóònù náà wà ní ìkángun yàrá. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ àti béèsì nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.