Bí A Ṣe Ń Ran Ilẹ̀ Tó Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Kí Igbó Lè Padà Síbẹ̀

Bí igbó bá ti di ilẹ̀ gbalasa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ká lọ gbin igi. Wọ́n á kó ọmọ igi dé, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gba ilé wọn lọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ti gbẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló lè hu igbó fúnra rẹ̀ bí a bá ti mú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kúrò. Gbígbin ló yẹ kó kẹ́yìn.

1. Ẹ wádìí ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà

Ẹ rìn yí i ká lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé iná ló ń jó o lọ́dọọdún ni? Ṣé ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ gbogbo ohun tó bá hù? Àbí ọ̀nà tí wọ́n là ló dí omi? Ohun yòówù kó jẹ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ ro àyíká rẹ̀ mọ́ kí iná má bàa rí ohun tó máa gbà wọlé, ẹ sọgbà sí i, ẹ ṣí ojú omi. Robin Lewis, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé èyí nípa àwọn igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ létí òkun: bí omi bá ń wọlé tó sì ń jáde bó ṣe yẹ, omi náà ló máa gbé irúgbìn wá.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbin igi kún un. Oòrùn ni koríko ọ̀dàn fi ń gbé, ìbòòji igi á pa á.

2. Ẹ ka ohun tó ti ń hù

Ọ̀nà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Chiang Mai ní Thailand ń lò ni mo fara mọ́ jù. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹ so okùn mítà 5 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi okùn náà yí òbìrí. Ẹ ka igi tó wà nínú rẹ̀, ọmọ igi tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, àti kùkùté tó ṣì ń rúwé. Ẹ ṣe é níbi 10, ó kéré tán, kẹ́ ẹ wá wo iye tó kan òbìrí kọ̀ọ̀kan. Bó bá tó 25, ìyẹn ohun tó lé ní 3,100 ní hẹ́kítà kan, ẹ má wulẹ̀ gbin nǹkan kan, ẹ ṣáà dáàbò bo èyí tó wà. Bó bá jẹ́ 10, ẹ máa fi 15 kún un.

3. Ẹ tọ́jú kùkùté

Lọ́dún 1983, lágbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, Tony Rinaudo, ará Australia, rí i pé igbó ṣúúrú tó wà nínú oko kì í ṣe èpò. Igi tí wọ́n ti gé ni, gbòǹgbò wọn ò tíì kú. Láàárín nǹkan bí 20 ọdún, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá igi padà sórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó yọ lára kùkùté kan, ẹ mú 3 sí 5 tó ga jù tó sì dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ gé ìyókù. Lára èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kúrò láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì gíga rẹ̀. Kí ọ̀bẹ mú o, kẹ́ ẹ sì gé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bẹ́ ẹ bá gé e wá sísàlẹ̀, ẹ̀ka tó ń já á bó èèpo igi dání. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ padà wá gé èyí tó bá tún yọ.

4. Bí ilẹ̀ bá ti le gbagidi

Ẹ mú agolo tẹ́ ẹ ti gé orí àti ìdí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ da omi sí i, kẹ́ ẹ wo ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ fi fà á mu. Ẹ ṣe bákan náà nínú igbó tó ṣì dára nítòsí. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ọgbọ́n Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ará Burkina Faso, ló kàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 40, tó jìn tó 10 sí 20, kẹ́ ẹ da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀. Ikán á wá jẹ ìgbẹ́ náà, wọ́n á dá ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ lòjò máa gbà wọlẹ̀. Nígbà míì, irúgbìn igi tí ẹran ti jẹ á hù látinú ìgbẹ́ yẹn. Sawadogo àti Rinaudo wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Right Livelihood lọ́dún 2018.

5. Ìgbà yìí lẹ lè gbìn

Igi àgbègbè yẹn ni kẹ́ ẹ lò, kí irú rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣa irúgbìn lábẹ́ ọ̀pọ̀ igi, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ yan èyí tó ń tètè ṣe ìbòòji àti èyí tó ń tètè so èso tí ẹyẹ àti àdán fẹ́ràn, torí àwọn ló máa kó irúgbìn igi míì wá.

Àsìkò òjò ni kẹ́ ẹ gbìn ín, kẹ́ ẹ sì máa ro ìdí wọn títí ewé wọn á fi kanra lókè. Lọ́dọọdún, ẹ padà síbi 10 tẹ́ ẹ ti kà, kẹ́ ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ igi tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbìn ín.